Ìtọ́jú Ìrònú àti Ìhùwàsí: Ẹ̀kọ́ Àrò fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ìtọ́jú ìrònú àti ìhùwàsí, ó sì gbé e yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àrò, Abẹ́òkúta. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé inú èdè àti ìgbàgbọ́ aláìsàn ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ Ìlànà Náà

Ní 1955 ni Albert Ellis bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1960, Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ní Philadelphia, ṣàkíyèsí pé àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà a máa ro ara wọn pin. Ìwé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìtọ́jú yìí jáde ní 1979. Kókó ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ síni nìkan ló ń bani nínú jẹ́. Ìtumọ̀ tí a fún un náà wà níbẹ̀. Bí ìrònú bá yí padà, ìhùwàsí lè yí padà. Ìhùwàsí tuntun a sì máa tún ìrònú ṣe.

Ìrírí Àrò

Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Àrò. Àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé ìtòsí, wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń kópa. Eléyìí kì í ṣe ọ̀nà Beck, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbàgbọ́ aláìsàn di ohun ẹ̀sín. Ìwádìí tí Lambo àti Alexander Leighton jọ ṣe, tó di ìwé ní 1963, fi hàn pé àwọn Yorùbá mọ ẹkún àìdábọ̀, àníyàn àti àìfẹ́ jẹun dunjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kó wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ àìsàn kan ṣoṣo.

Ìlò Rẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Bí àpẹẹrẹ, kí a ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìjù, lẹ́bàá Àkúrẹ́, fìdí rẹmi nínú ìṣirò, tó ní, "Olódo ni mí, ayé ló ń ṣe mí." Bí olùkọ́ bá jágbe mọ́ ọn pé irọ́ ni, ọmọ náà yóò pa ẹnu mọ́, ìrònú náà yóò sì wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ó bi í pé: iṣẹ́ wo lo yege? Báwo lo ṣe múra sílẹ̀? Kí ọmọ náà kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá ṣe ìṣirò díẹ̀ lálaalẹ́, kí ó sì fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀rí ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò bá a jiyàn.

Àgbálọgbábọ̀

Olùkọ́ kì í ṣe dókítà. Ọmọ tí kò lè sùn, tí kò jẹun, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ọ̀dọ̀ elétò ìlera ni kí a tètè mú un lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, Yorùbá ni ọmọ náà yóò sì fi sọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí "ọkàn mi kò balẹ̀" ń gbé pamọ́ kò tíì gbọ́ ohun tí ọmọ náà wí.