Wò Tó Wà Nínú Àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan wà nínú èdè wa tí iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sí ojú. Wò ni. A máa ń ní kí ènìyàn tọ́ ọbẹ̀ wò, kó gbóòórùn ẹja wò, kó fọwọ́ kan omi wò, kó gbé ẹrù wò, kó ro ọ̀rọ̀ wò. Ahọ́n, imú, ọwọ́, orí àti ọkàn ló ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ojú lè wà ní dídì, síbẹ̀ wò ló ń parí gbólóhùn. Ẹni tó lá ọbẹ̀ kàn lá a ni. Ẹni tó tọ́ ọ wò ń wá ìdáhùn.

Àwọn Igbo, tí Enugu jẹ́ ìlú wọn, gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà. Le ni wọ́n ń pe wíwò. Nwale, ìyẹn kí a dán nǹkan wò, ní le nídìí. Tule, ìyẹn kí a wọn nǹkan tàbí ọ̀rọ̀ wò, ní in nídìí pẹ̀lú. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé àwọn àti àwa gba ọ̀nà kan náà.

Ìdílé wò pọ̀. Ìdánwò wà níbẹ̀, ìtọ́wò wà níbẹ̀, ìwòsàn náà wà níbẹ̀: a ó wo aláìsàn títí yóò fi sàn. Àyẹ̀wò ni mo fẹ́ dúró tì. Kí ilé ìwòsàn tó dé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà. Ẹni tí nǹkan rú lójú máa ń lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ babaláwo, torí pé ohun tó ń dà á láàmú wà níbi tí ojú òun fúnra rẹ̀ kò dé. Lónìí, dókítà ló ń kọ ọ́ sínú ìwé fún wa: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ìtọ̀. Ìtọ́wò àti àyẹ̀wò jọ ń wá ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn ti bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì.

Ìtọ́wò ti ṣiṣẹ́ fún wa láti ayébáyé. Ahọ́n ló ń sọ pé ẹ̀gẹ́ korò, tí a fi ń rẹ ẹ́ kí sáyánáìdì inú rẹ̀ lè lọ. Ahọ́n ló ń sọ pé ọkpa àná ti kan. (Ọkpa ni oúnjẹ àárọ̀ Enugu: ìyẹ̀fun irú ẹ̀wà kan tó ń so sínú ilẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ epo pupa, tí wọ́n sì sè nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọ̀rá. Gbígbóná ló dùn ún jẹ.) Ẹni tó ń ra epo ní Ọjà Ogbete ní Enugu yóò wo àwọ̀ rẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi ahọ́n kàn án, yóò sì gbà pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Àmọ́ ní 2015, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Gánà yẹ epo pupa àwọn ọjà Accra wò, wọ́n sì rí Sudan IV nínú ìpín 98 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí wọ́n bù. Àwọ̀ tí wọ́n ń fi sí ìda àti pólíìṣì bàtà ni Sudan IV. Ó ń mú kí epo tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá tún pupa dáadáa. Ní ọdún yẹn kan náà ni Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò: mílígíráàmù 0.01 nínú kìlógíráàmù kan ni òfin wọn gbà, wọ́n rí tó 0.03 sí 4.6.

Ahọ́n náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìtànjẹ. Ní 1990, ọmọ 47 kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ibà olómi. Ní ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84. Ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì: diethylene glycol, tó jọ propylene glycol tí wọ́n ń fi po oògùn, tí owó rẹ̀ sì kéré sí tirẹ̀. Ó dùn. Ìyá tó tọ́ ọ wò kó tó fún ọmọ rẹ̀, adùn ló bá pàdé. Kíndìnrín ni oró yìí ń bà jẹ́. Àwọn ọmọ náà kò tọ̀ mọ́.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ayédèrú oògùn lérí jù lọ ní Nàìjíríà, Enugu ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dora Akunyili ṣe iṣẹ́ apòògùn ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu kó tó di olùkọ́ ní yunifásítì náà. Ní 1988, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Vivian, tó ní àtọ̀gbẹ, kú lẹ́yìn tí wọ́n gún un ní ayédèrú insulin. Abẹ́rẹ́ ni, kò gba orí ahọ́n kọjá rárá. Akunyili di olórí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ní 2001, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa kọ́ láti máa yí páálí káàkiri, kí a tó sanwó, ká lè rí nọ́ńbà NAFDAC. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé ẹnì kan ti bá wa wò ó níbi tí a kò lè dé.

Báwo ni ẹni yẹn ṣe ń rí i? Ẹ wo yẹ̀ tó ṣáájú wò nínú àyẹ̀wò. Mo fẹ́ràn láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ̀ tí a ń lò fún ẹni tó kúrò lójú ọ̀nà kí ẹlòmíràn lè hàn: ó yẹ̀ sápá kan. Bí iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ṣe rí gan-an nìyẹn. Ká ní oró inú ẹ̀pà ni wọ́n ń wá: wọ́n á lọ ẹ̀pà kúnná, wọ́n á fi ohun olómi fa oró inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá tì í gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí èròjà kan kún bámúbámú. Ohun tó bá ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá á pẹ́, èyí tí kì í lẹ̀ á yára jáde. Báyìí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣe yẹ̀ fún èkejì, tí oró tó fara pamọ́ sáàárín ọ̀rá àti sítáàṣì á wá dá dúró. Mikhail Tsvet, onímọ̀ ewéko ará Rọ́ṣíà, ló dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí 1903, nígbà tó da oje ewé sórí ẹfun nínú ọ̀pá gíláàsì, tó sì rí i tí àwọ̀ ewé náà pín sí ìlà-ìlà. Ó pè é ní chromatography, láti inú èdè Gíríìkì, ìyẹn fífi àwọ̀ kọ̀wé. Tsvet pàápàá, àwọ̀ ni ní èdè Rọ́ṣíà.

Àwọ̀ ló sọ oríṣiríṣi oró ẹ̀pà lórúkọ. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹ̀fun ẹ̀pà ló wà nínú oúnjẹ wọn. Aspergillus flavus, ọ̀kan lára ohun tó ń mú oúnjẹ bu, ló kó oró sínú rẹ̀. Wọ́n gé orúkọ yẹn kúrú, ó di aflatoxin. Lábẹ́ iná ultraviolet, irú rẹ̀ kan ń tàn ní àwọ̀ búlúù, òmíràn ní àwọ̀ ewé, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọ̀ méjèèjì lédè Gẹ̀ẹ́sì la sì fi ń pè wọ́n di òní: B1, B2, G1, G2. Kò ní adùn, kò ní òórùn, sísè kò sì lè mú un kúrò tán. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló ń fà, ó sì burú jù fún ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B. Máíkrógíráàmù 2 B1 nínú kìlógíráàmù kan ni Yúróòpù gbà nínú ẹ̀pà tí ènìyàn fẹ́ jẹ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: gíráàmù 2 péré nínú 20,000 àpò ẹ̀pà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kìlógíráàmù 50. Ahọ́n wo ló fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Ara ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dọ̀ máa ń sọ díẹ̀ nínú B1 di M1, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nínú wàrà màlúù, tó sì ń bá ìtọ̀ àti omi ọmú ìyá jáde. Òmíràn á lẹ̀ mọ́ albumin inú ẹ̀jẹ̀, á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Itọ́ ẹnu kò dá a mọ̀ nígbà tó ń wọlé. Ìtọ̀ ló jẹ́rìí sí i.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò lè wo ohun tí a kò gbé fún un. Nínú àpò ẹ̀pà kan, hóró mélòó kan lè kó gbogbo oró náà sára kí ìyókù sì mọ́ kedere. Ẹni tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan ní ẹnu àpò, tí kò dé àárín, tí kò dé ìsàlẹ̀, ti ba àyẹ̀wò jẹ́ kí ó tó kúrò lọ́jà. Ọ̀nà náà tún jìn. Agulu ní Ìpínlẹ̀ Anambra ni NAFDAC ní ilé àyẹ̀wò sí ní ilẹ̀ Igbo. Kí ẹ̀pà Ogbete tó débẹ̀, kí èsì tó padà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ta àpò náà tán.

Páálí pélébé kan wà báyìí, tó jọ èyí tí obìnrin fi ń mọ̀ bóyá òun ti lóyún. Wọ́n á tì í bọ omi ẹ̀pà tí wọ́n ti lọ̀, ìlà tó bá yọ lára rẹ̀ á sì dáhùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò péye tó ọ̀pá Tsvet, ṣùgbọ́n ó lè wà lórí tábìlì láàárín ọjà. Alágbàtà tó ń já ẹ̀pà ọgọ́rùn-ún àpò lè rówó rẹ̀ san. Ìyá tó ń ra kóńgò kan kò lè san án, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe ń bẹ ìjọba Enugu, àti tiwa ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, pé kí wọ́n gbé tábìlì yẹn kalẹ̀ kí wọ́n sì gba ẹni tí yóò jókòó tì í.