Ìgbéyàwó Níwọ̀ntúnwọ̀nsì: Ohun Tó Yẹ Kí Tọkọtaya Òrò-Àgọ́ Mọ̀

Ní Òrò-Àgọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìgbéyàwó kì í ṣe ti ẹni méjì nìkan. Ti ẹbí méjì ni. Síbẹ̀, kò sí òfin tàbí àṣà tó ní kí ènìyàn jẹ gbèsè kí ó tó lè gbéyàwó. Àríyá ṣe é dín kù. Ohun tó mú kí ìgbéyàwó fìdí múlẹ̀ lójú ẹbí àti lábẹ́ òfin ni kò ṣe é dín kù. A ṣe àlàyé méjèèjì síhìn-ín.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀
Ìfẹ́ àwọn méjèèjì, ìyọ̀ǹda òbí, owó orí àti fífa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àgbà díẹ̀ láti ìhà méjèèjì, pẹ̀lú obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ fún àdúrà, lè ṣe é parí. Aṣọ ẹbí, àgọ́ ńlá àti onílù kò sí lára ìpìlẹ̀ náà. Kí ẹbí méjèèjì ti fẹnu kò lórí ẹrù ìdána kí a tó dá ọjọ́.

Yìgì síso
Ní ti àwọn Mùsùlùmí, walí ìyàwó, ẹlẹ́rìí méjì, sàdáàkì àti ìfohùnṣọ̀kan ni yìgì nílò. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ni sàdáàkì.

Ìgbéyàwó lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ti ìjọba àpapọ̀
Share ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ náà.

1. Ẹ fi ìwé sọ èrò yín fún akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó. Yóò lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́.
2. Ẹ ó búra pé ọ̀kan nínú yín ti gbé ní àgbègbè náà fún ọjọ́ 15, ó kéré tán. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 nílò ìyọ̀ǹda òbí tí a kọ sílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò sì gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ìgbéyàwó.
3. Ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí akọ̀wé tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé ẹ lè ṣe é. Ìgbéyàwó náà gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù 3 tó pé láti ọjọ́ tí ẹ mú ìwé wá.
4. Ní ọ́fíìsì akọ̀wé, ẹlẹ́rìí méjì ti tó, láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rí i dájú pé ìjọba ti fún ilé ìjọsìn náà ní ìwé àṣẹ. Ìdè ìgbéyàwó nínú àgbàlá ilé yín nílò ìwé àṣẹ àkànṣe. Àsè nìkan ni kò nílò rẹ̀. Aya kan ṣoṣo ni òfin yìí mọ̀: ọkùnrin tó ti ní aya ní ìlànà ìbílẹ̀ kò lè fi òfin yìí fẹ́ obìnrin mìíràn.

Ìmọ̀ràn wa
Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò lè parí láìsí wọn: òbí, àgbà ẹbí, ẹlẹ́rìí. Iye wọn ni kí ẹ fi pinnu oúnjẹ àti àga, kí owó tí ẹ ní lọ́wọ́ sì jẹ́ òpin ìnáwó. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún ìyókù ẹbí. Ẹni tí a kò pè sí àsè lè gbàgbé. Ẹni tí a kò sọ fún rárá kì í tètè gbàgbé. Ẹ rán ẹni àgbà lọ bá wọn pẹ̀lú obì kí ọjọ́ náà tó pé.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò genotype kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Ní ìkẹyìn, ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín dáadáa. Nígbà tí ọ̀ràn ogún tàbí ẹ̀tọ́ opó bá dé, ìwé náà ni wọn yóò béèrè, kì í ṣe iye àwo ìrẹsì tí a pín.