E.T., Géèmù tí Wọ́n Sin Sínú Ààtàn

Ní oṣù kẹfà ọdún 1982 ni fíìmù E.T., èyí tí Steven Spielberg darí, jáde ní Amẹ́ríkà. Ìtàn ẹ̀dá kékeré kan ni, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti òfuurufú fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé, tí ọmọdékùnrin kan, Elliott, sì gbà á sílé. Tọmọdé tàgbà ni wọ́n rọ́ lọ wò ó. Atari, ilé-iṣẹ́ tó jẹ gàba lórí òwò géèmù fídíò nígbà náà, fẹ́ sọ fíìmù yìí di géèmù tí wọn yóò tà ní àkókò Kérésìmesì ọdún náà gan-an.

Ìparí oṣù keje ni àdéhùn tó parí. Howard Scott Warshaw, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ṣe géèmù Raiders of the Lost Ark láti inú fíìmù Spielberg mìíràn, ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Oṣù púpọ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n fún un. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tún rántí pé báìtì 128 péré ni ẹ̀rọ Atari 2600 lè fi sí ìrántí nígbà tí eré bá ń lọ. Bí ẹ bá kọ gbólóhùn méjì tó gùn díẹ̀, ó ti kún.

Nínú géèmù náà, E.T. ń wá ègé tẹlifóònù mẹ́ta tí yóò fi pe àwọn ará ilé rẹ̀. Inú kòtò ni púpọ̀ nínú wíwá yìí ti ń wáyé. Bí ó bá na ọrùn jáde kúrò nínú kòtò, ìṣísẹ̀ kan tí kò tọ́ lè dá a padà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú àwọn ọmọdé. Ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe pọ̀ ju èyí tó tà lọ fíìfíì, àwọn olùtajà sì ń dá a padà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ akẹ́rù kó ẹrù Atari lọ sí ààtàn ìlú Alamogordo, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n sì da kọnkéré lé e. Lọ́dún náà, Atari pàdánù owó tó ju 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló di ẹ̀bi ìṣubú òwò géèmù ní Amẹ́ríkà ru Warshaw. Lójú tèmi, ìrẹ́jẹ gbáà ni. Géèmù ti pọ̀ jù lórí igbá, kọ̀ǹpútà ilé sì ti ń dín lówó. Ta ló sì fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún lélẹ̀? Kì í ṣe òun.

Àwọn kan tilẹ̀ ní ìtàn àròsọ ni ìsìnkú náà. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, ọdún 2014, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà. E.T. wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn géèmù mìíràn bíi Centipede wà pẹ̀lú rẹ̀. Warshaw, tó ti di oníṣègùn tó ń fi ọ̀rọ̀ wo ìbànújẹ́ ọkàn, wà nídìí kòtò náà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn E.T. tí wọ́n hú ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian báyìí.