Àwọn Ohun Àtijọ́ tí Ilẹ̀ Oko Bò Mọ́lẹ̀

Gbogbo ẹni tí ó ti ro oko rí ni ó mọ̀ pé ilẹ̀ a máa fi nǹkan pamọ́. Ní ọdún 1938, nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ni a ṣe kòńgẹ́ àwọn orí idẹ tí òkìkí wọn kàn ká ayé. Ní ọdún 1957, bákan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó bá àwọn ère idẹ pàdé. A dúpẹ́ fún èyí tí a rí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka iye èyí tí ọkọ́ ti fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀?

Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń wo inú ilẹ̀ kí wọ́n tó wà á. Ní ọdún 1946, ní Dorchester lẹ́bàá odò Thames ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Atkinson rán iná mànàmáná gba inú ilẹ̀ kọjá. Yàrà àtijọ́ tí erùpẹ̀ ti dí a máa pa omi mọ́, iná a sì máa là á kọjá wéré. Ògiri òkúta kì í gbà fún un bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1958, nígbà tí a fẹ́ mú ọ̀nà ńlá kan fẹ̀ sí i ní Water Newton, Martin Aitken lo ẹ̀rọ mìíràn. Amọ̀ ní irin wẹ́wẹ́ nínú. Bí iná bá jó o tí ó sì tutù, a di bí òòfà, kì í sì í tètè sọ agbára náà nù. Òòfà yìí ni ẹ̀rọ náà fi mọ ibi tí ààrò àwọn amọ̀kòkò ayé Róòmù wà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò rọ́pò ọkọ́. Ó lè fi ibi tí nǹkan wà hàn. Kò lè sọ ẹni tí ó ni ín. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé amọ̀ tí ó wó a tún di erùpẹ̀, ó sì ṣòro láti yà á sọ́tọ̀. Síbẹ̀, yàrà ìlú, ìdàrọ́ irin, àti ibi tí a ti ń sun ìkòkò jẹ́ irú ohun tí ẹ̀rọ lè rí.

Kí a yẹ ilẹ̀ wò, nígbà náà, kí katakata tó dé. Ìtàn tí ẹnu ti gbàgbé lè wà lábẹ́ ebè iṣu. Bí a bá sì fọ́ ọ, kò sí ẹni tí yóò tún un sọ fún wa.