Bí a ṣe lè yan áàpù tí yóò yí fídíò ilé wa padà láì bà á jẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí lónìí, ẹ ó rí àpótí kan tí àwo VCD àti DVD kún inú rẹ̀. Fídíò yìgì bàbá àti ìyá wà níbẹ̀, ti ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wòlímọ̀ ọmọ tó parí Kùránì àti wáàsí àáfà àdúgbò tó ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò wọ́n ti bàjẹ́, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò sì ní ibi tí a ń ki àwo bọ̀ mọ́. Àwọn fídíò mìíràn wà nínú fóònù àtijọ́ tàbí mẹ́mọ́rì káàdì. Bí a bá gbé wọn sórí fóònù tuntun, fóònù á ní òun kò lè ṣí wọn, tàbí kí a máa rí àwòrán láìgbọ́ ohùn.

Áàpù tó ń yí fáìlì fídíò láti irú kan sí òmíràn ló ń yanjú ìṣòro yìí. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni a lè fi ohun ìní ẹbí lé lọ́wọ́. Àlàyé yìí wà fún ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ó lè mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀.

Àpò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú rẹ̀

Lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gbẹ̀yìn orúkọ fáìlì, bíi .mp4, .avi, .mkv tàbí .3gp, orúkọ àpò ni. Inú àpò yìí ni àwòrán àti ohùn wà, wọ́n sì ti dì wọ́n lọ́nà kan kí wọ́n má baà gba àyè jù. Àpò méjì lè jọra, kí gàárì wà nínú ọ̀kan, kí èlùbọ́ wà nínú èkejì. Ìdí nìyí tí MP4 kan fi ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí MP4 mìíràn kò ṣiṣẹ́ lórí fóònù kan náà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà di ohun inú rẹ̀ ni fóònù kò mọ̀.

Àwọn tí a sábà máa ń rí nínú ilé nìwọ̀nyí:

- Àwo VCD: fáìlì inú rẹ̀ máa ń parí pẹ̀lú .dat. MPEG-1 ni wọ́n fi di àwòrán rẹ̀. Àwòrán náà kéré: 352 ní ìbú, 288 ní òòró.
- Àwo DVD: fáìlì inú rẹ̀ ni .vob, MPEG-2 sì ni wọ́n fi dì í. Àwòrán rẹ̀ tó 720 ní ìbú àti 576 ní òòró.
- Fóònù àtijọ́: .3gp ni púpọ̀ nínú wọn. Ohùn inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ AMR, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù.
- Kámẹ́rà: .avi, .mts tàbí .mov.
- iPhone: láti ọdún 2017 ni Apple ti ń lo H.265, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC. Kì í gba àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò lè ṣí i.

Èyí tó dára jù kí a yí gbogbo wọn sí ni àpò MP4, tí àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ H.264, tí ohùn rẹ̀ sì jẹ́ AAC. Láti ọdún 2003 ni H.264 ti jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí fóònù, tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà òde òní tí kò lè ṣí i, WhatsApp náà sì gbà á.

Áàpù mẹ́ta tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé

Ọ̀fẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó ṣe wọ́n sì ṣí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

VLC. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé École Centrale Paris ní ilẹ̀ Faransé ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí VLC ti jáde, ní ọdún 1996. Díẹ̀ ni fáìlì tí kò lè ṣí, títí kan ti VCD. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, nítorí ó wà fún fóònù náà. Bí VLC bá ṣí fídíò yín tí ohùn rẹ̀ sì já gaara, ó lè jẹ́ pé ẹ kò nílò láti yí i padà rárá. Bí ẹ bá sì fẹ́ yí i, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Media, kí ẹ tẹ Convert/Save, kí ẹ sì yan èyí tí wọ́n kọ H.264 àti MP4 sí lára. Ó dára fún fáìlì kan tàbí méjì.

HandBrake. Èyí ló bá iṣẹ́ inú ilé mu jù lọ. Ọdún 2003 ni Eric Petit bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orí Windows, Mac àti Linux nìkan ló ń ṣiṣẹ́, wọn kò ṣe ti fóònù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí èyí tó ń jẹ́ HandBrake níbi tí a ti ń gba áàpù fóònù, kì í ṣe tiwọn. Ètò tí wọ́n ti tò sílẹ̀ wà nínú rẹ̀: ẹ yan Fast 576p25 fún DVD, tàbí Fast 1080p30 fún fídíò fóònù tuntun. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RF. Bó bá ṣe kéré sí ni àwòrán ń mọ́ sí i, tí fáìlì sì ń tóbi sí i. Fún DVD, 18 sí 22 dára. Fún 1080p, 20 sí 24 dára. Ẹ lè to ogún fídíò sílẹ̀ fún un kí ẹ tó sùn, kó máa ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

FFmpeg. Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000. Kò ní bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣẹ ni a ń kọ sí i. Ọ̀pọ̀ áàpù fídíò mìíràn ló ń lò ó lábẹ́. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé ó lè pààrọ̀ àpò láì tú ohun inú rẹ̀. Bí ohun tó wà nínú fáìlì .mkv kan bá ti jẹ́ H.264 àti AAC, àṣẹ yìí nìkan ti tó:

ffmpeg -i yigi.mkv -c copy yigi.mp4

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń parí, àwòrán kò sì ní bàjẹ́ rárá.

Àwọn áàpù kan wà tí wọ́n ń tà. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á tẹ orúkọ wọn sára fídíò, tàbí kí wọ́n yí apá kan péré. Àwọn mìíràn á wá lọ wá èyí tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀. Olè ni ìyẹn, ó sì léwu fún kọ̀ǹpútà. Níwọ̀n ìgbà tí èyí tí wọ́n yọ̀ǹda fún wa wà, kò sí ìdí láti fọwọ́ kan haramu.

Àmáánà ni fídíò ẹbí

Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ń sọ pé kí a gbé fídíò wa wá sọ́dọ̀ àwọn kí àwọn bá wa yí i padà. Ẹ rántí pé orí kọ̀ǹpútà ẹni tí a kò mọ̀ ni fídíò náà ń lọ. Bí ó bá jẹ́ fídíò yìgì, tí àwọn ìyá, ìyàwó àti ọmọbìnrin wa ṣí ìborí sílẹ̀ láàárín ara wọn nínú iyàrá, ta ló máa wò ó? Ìgbà wo ni wọ́n máa pa á rẹ́? A kò lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ má ṣe gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ síbẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ẹ̀ka FBI ní ìlú Denver, ní Amẹ́ríkà, ṣe ìkìlọ̀ pé àwọn oníjìbìtì ń lo ìkànnì ọ̀fẹ́ tó ń yí fáìlì padà láti fi kòkòrò sínú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn, kí wọ́n lè jí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ àti owó wọn. Áàpù gidi pàápàá gba ìṣọ́ra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn wọ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń pín HandBrake, wọ́n sì fi èyí tó ní kòkòrò rọ́pò ti Mac fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe tẹ ìpolówó tó kọ́kọ́ yọ lórí Google. Ẹ kọ àdírẹ́sì náà fúnra yín: videolan.org fún VLC, handbrake.fr fún HandBrake, ffmpeg.org fún FFmpeg.

Bákan náà ni tí a bá gbé àwo lọ fún ẹni tó ń ṣe é gbowó. Ẹ jókòó tì í títí tó fi máa parí, kí ẹ sì rí i pé ó pa ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́. Bí àwọn obìnrin bá wà nínú fídíò náà, ó sàn kí ọmọ ilé tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ṣe é nílé.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ da ohun inú àwo sórí kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, kí ẹ má sì pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ yìí rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yí i tán. Ẹ fi òmíràn sínú fíláàṣì tàbí háàdì dírafù, nítorí àwo tí a dà fúnra wa máa ń kú bí ọdún bá ti ń gorí ọdún.

Ẹ má retí pé yíyí padà yóò jẹ́ kí àwòrán mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. VCD tí a sọ di 1080p kàn máa gba àyè sí i ni. Gbogbo ìgbà tí a bá tú fídíò tí a sì tún un dì ni nǹkan ń dínkù lára rẹ̀. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan péré, láti ara ti àkọ́kọ́, kì í ṣe láti ara èyí tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ẹ fi ìṣẹ́jú kan dán an wò kí ẹ tó yí gbogbo rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹnu àáfà àti ohùn rẹ̀ ń lọ pọ̀. Ẹ sì rí i pé bátìrì láàpútọ́ọ̀pù kún, torí bí iná bá lọ kí MP4 tó parí, ó ṣeé ṣe kí ó má ṣí mọ́.

Bó bá jẹ́ wáàsí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan la fẹ́ gbọ́, kò pọn dandan kí a gbé àwòrán dání. Wákàtí kan lórí VCD ju 600 MB lọ. Bí a bá yọ ohùn rẹ̀ sí MP3 ní 64 kbps, kò ní ju bíi 29 MB lọ, àwọn àgbàlagbà tí dátà wọn kò pọ̀ yóò sì lè gbà á.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fídíò ránṣẹ́ sí ẹbí lókè òkun, ẹ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí Document, kì í ṣe bíi fídíò, kí WhatsApp má baà tún un dì kí ó sì ṣú. Ó gba fáìlì tó tó 2 GB.

Ní ìparí, ẹ kọ orúkọ sí fáìlì kọ̀ọ̀kan: ohun tí wọ́n ṣe, ẹni tó ni ín, àti ọdún rẹ̀. Ìmọ̀ tí àáfà kan fi sílẹ̀ jẹ́ sàráà tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró fún un lẹ́yìn ikú, bí àwọn tó kù bá lè rí i gbọ́. Àwo tí kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣí i mọ́ ti pa á mọ́ wọn lẹ́nu. Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn tó ti lọ nínú wọn, kí Ó sì jẹ́ kí àwa náà tọ́jú àmáánà wa dáadáa. Àmín.