Tìmùtìmù Ọmọ Ọwọ́ àti Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kàn Án

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, The Cook Report, da jìnnìjìnnì bo àwọn òbí. Èrò Barry Richardson ni ó gbé jáde. Láti ọdún 1989 ni ọkùnrin yìí ti ń sọ pé àwọn ohun tín-ín-tín tí ń mú kí nǹkan bu máa ń jẹ oògùn tí wọ́n fi sára tìmùtìmù ọmọ kí iná má baà tètè ràn mọ́ ọn, àti pé afẹ́fẹ́ olóró tí ń ti ibẹ̀ jáde ni ó ń pa ọmọ lójú oorun. Ikú òjijì yìí ni àwọn Faransé ń pè ní mort subite du nourrisson. Òbí wo ni yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní sáré wo abẹ́ ọmọ rẹ̀?

Ìgbìmọ̀ tí Sylvia Limerick ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ní ọdún 1998: wọn kò rí ẹ̀rí kankan.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ariwo náà tó sọ. Láti nǹkan bí ọdún 1956 ni ìwé Dókítà Benjamin Spock ti ń gba àwọn ìyá nímọ̀ràn pé kí ọmọ máa da ikùn délẹ̀ sùn, àṣà náà sì tàn dé Faransé. Ní ọdún 1990, Peter Fleming àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Avon pé sísùn bẹ́ẹ̀ léwu, pàápàá bí aṣọ bá pọ̀ jù lára ọmọ. Ní ìparí ọdún 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí ọmọ máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ikú náà dín kù ju ìlàjì lọ. Ìwádìí Ruth Gilbert ní ọdún 2005 sọ pé ẹ̀rí ewu ọ̀hún ti wà láti ọdún 1970. Ogún ọdún gbáko!

Síbẹ̀, n kò ní dá tìmùtìmù láre pátápátá. Ìwádìí kan ní Scotland, ní ọdún 2002, rí i pé ewu pọ̀ sí i fún ọmọ tí ó ń sùn lórí tìmùtìmù àlòkù, pàápàá èyí tí ó ti ilé ẹlòmíràn wá, bí ìdí rẹ̀ kò tilẹ̀ dájú. Kí ẹni tí ń ra àlòkù rò ó wò.

Ẹní tí wọ́n tẹ́ púpọ̀ nínú wa sí ní Kétu àti Ṣábẹ̀ le, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun kan náà ni kí a wá lára tìmùtìmù tí a bá rà: kí ó le, kí ó tẹ́jú, kí ó bá ibùsùn náà mu tí àlàfo kò fi ní sí létí rẹ̀. Ìrọ̀rí ńkọ́? Ó di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà.