Ukiyo-e

Ọ̀rọ̀ èdè Jàpáàn ni, orúkọ àwọn àwòrán tí wọ́n ń fín sára pákó, tí wọ́n á kun tàdáwà sí i, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá. “E” ni àwòrán. Inú “Ukiyo” ni ẹjọ́ wà. Lẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àtijọ́, ayé ìbànújẹ́ ni. Nígbà tó di ọ̀rúndún 17, wọ́n pààrọ̀ àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sí èyí tó túmọ̀ sí kí nǹkan léfòó, ìró rẹ̀ kò sì yí padà. Ayé tí kò dúró sójú kan di ayé tó yẹ kéèyàn yára fi ṣe fàájì. Ẹlòmíràn á ní àwọn òṣèré Kabuki àti àwọn arẹwà àdúgbò fàájì Yoshiwara ló ni orúkọ yìí, pé òkè àti igi kò sí níbẹ̀, nítorí nǹkan bí ọdún 1830, láyé ayàwòrán Hokusai, ni àwòrán ilẹ̀ tó gbajúmọ̀. Òótọ́ ni ti ọdún. Àmọ́ ẹ wo ọgbà Kameido tí Hiroshige yà ní 1857: igi plum kan gba gbogbo iwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí wa lójú, síbẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, láàárín àwọn ẹ̀ka, àwọn ará ìlú Edo (Tokyo òní) dúró, wọ́n ń wòran òdòdó. Fàájì ni wọ́n wá ṣe, ohun tí kì í pẹ́ rẹ̀ dànù ni wọ́n sì wá wò. Orúkọ náà tọ́ sí àwòrán igi bó ṣe tọ́ sí ti òṣèré.